"Ṣé òfin yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan gígùn síbí. Ìwé tí mò ń kọ fún oyè ọ̀mọ̀wé ni kò jẹ́ kí n ráyè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì ti rí i pé bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò ní lè padà sídìí iṣẹ́. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó gùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ gbogbo wa ni.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí a jọ ń gbé àdúgbò kan náà. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú eré òyìnbó tó ti lé ní 400 ọdún. Mo wá ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ wo The Merchant of Venice. Ẹ̀gbọ́n yìí kì í sọ̀rọ̀ níbi ìwòran. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré dé kóòtù, tí wọ́n ka òfin kan sí Shylock létí, tí àwọn kan níwájú wa sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n fi ọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní: "Àbúrò, ṣé òfin yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọdún kẹrin mi rèé lórí ọ̀rọ̀ àjèjì àti òfin nínú eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Shakespeare, mi ò sì bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí bí ẹ̀gbọ́n ṣe bi í. Ó yé mi pé kì í ṣe ẹnu òǹwòran lásán ló ti wá. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gba lẹ́tà pé ìwé ìgbélùú tí wọ́n béèrè fún kò lè ṣeé ṣe, nítorí ìlà kan nínú òfin tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn rí ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó orí. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i pé kí n sọ ọ́ dé ibí yìí. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìdáhùn tí mi ò rí fún wọn lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní àjèjì. Ní London ayé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, "foreigner" kì í ṣe ẹni tó ti òkè òkun dé o. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wá láti ìlú mìíràn, tí kò ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú London, ni wọ́n máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ilẹ̀ mìíràn wá ni "stranger", tàbí "alien" nínú ìwé òfin. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Pùròtẹ́sítáǹtì tó sá fún ogun àti inúnibíni ní ilẹ̀ Faransé àti Netherlands. Ahunṣọ wà nínú wọn, alágbẹ̀dẹ wúrà wà, atẹ̀wé wà.

Òfin fún wọn láyè, ó sì tún so okùn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àjèjì tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá ọba jagun lè ṣòwò, ó sì lè pe ẹni tó jẹ ẹ́ lówó lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ra ilẹ̀ kó di tirẹ̀ títí láé. Bí Pálímẹ́ǹtì bá fọwọ́ sí owó orí fún ọba, ìlọ́po méjì ohun tí ọmọ onílẹ̀ ń san ni tirẹ̀. Bó bá lówó lọ́wọ́, ó lè gba ìwé lọ́dọ̀ ọba kó di "denizen". Denizen kì í ṣe àjèjì mọ́, kò sì tíì di ọmọ onílẹ̀; àárín ló wà. Kó tó lè di ọmọ onílẹ̀ gan-an, àfi kí Pálímẹ́ǹtì ṣòfin lórí orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọdún márùn-ún, tí ẹ ń ka ọdún mẹ́wàá, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Láti 1354 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé bí ẹjọ́ bá pa àjèjì àti ọmọ ìlú pọ̀, àjèjì lè béèrè pé kí ìdajì àwọn jùrì jẹ́ àjèjì bíi tirẹ̀. Méjìlá ni jùrì: mẹ́fà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fà àjèjì. 1870 ni wọ́n tó fagi lé e. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nínú àwọn eré tí mò ń kà, mo rí ọ̀nà mẹ́ta tí òfin máa ń gbà mú àjèjì.

Èkínní ni òfin tí wọ́n kéde, tí gbogbo ayé gbọ́. Nínú The Comedy of Errors, Egeon, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ oníṣòwò láti Syracuse, gúnlẹ̀ sí Ephesus. Ọmọ rẹ̀ ló ń wá kiri. Ìjà òwò ti wà láàárín ìlú méjèèjì, wọ́n sì ti ṣòfin pé ará Syracuse tí wọ́n bá rí ní Ephesus, wọn á kó ẹrù rẹ̀, wọn á sì pa á, àfi bó bá rí 1,000 máàkì san. Gbogbo ohun tí Egeon ní kò tó 100. Olórí ìlú gbọ́ ìtàn rẹ̀, àánú ṣe é, ó ní kò sí bí òun ṣe lè yí òfin padà. Ó fún un ní ọjọ́ kan péré kó fi wá owó.

Níbo ni wọ́n ti ṣe eré yìí? Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1594, Gray's Inn ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn amòfin London. Àwọn tó máa di lọ́yà lọ́la ló jókòó tí wọ́n ń wo bí òfin ṣe fẹ́ pa bàbá arúgbó nítorí ìlú tó ti wá. Ní ìparí eré, wọ́n rí i pé ọmọ Egeon kan ti ń gbé ní Ephesus tipẹ́, ó sì ti bá olórí ìlú jagun rí. Ọmọ náà yọ owó jáde pé òun á fi ra ẹ̀mí bàbá òun. Olórí ìlú ní kò nílò rẹ̀, bàbá ti gba òmìnira. Òfin tí kò ṣeé yí láàárọ̀ ti yí nírọ̀lẹ́. Kí ló yí padà? Egeon ti lẹ́nìkan nílùú. Ìyẹn nìkan ni.

Èkejì ni òfin tí wọ́n ṣe lójú ẹsẹ̀. Christopher Marlowe kọ The Jew of Malta ní nǹkan bíi 1590. Àwọn Tọ́ọ̀kì wá gba ìṣákọ́lẹ̀ ọdún mẹ́wàá tí Malta kò san. Owó kò sí lápò ìjọba. Gómìnà Ferneze pe àwọn Júù ìlú jọ, ó ní kí wọ́n ka àṣẹ fún wọn: kí Júù kọ̀ọ̀kan mú ìdajì ohun ìní rẹ̀ wá, ẹni tó bá kọ̀, kó di Kristẹni kíákíá, ẹni tó bá kọ ìyẹn náà, gbogbo ohun tó ní ti lọ. Barabas, tó lówó jù nínú wọn, béèrè bóyá àjèjì náà gbọ́dọ̀ bá wọn dá owó ìlú. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè bi í pé ṣebí nílùú àwọn ni àjèjì ti rí ọrọ̀ yẹn kó jọ? Kó bá wọn dá a nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ rí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àwọn Júù yòókù gbà láti san. Barabas jiyàn díẹ̀. Nígbà tó fi máa ní ó dáa, òun á mú ìdajì wá, wọ́n ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀, wọ́n sọ ilé rẹ̀ di ibùgbé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn. Marlowe kò sọ Barabas di ẹni mímọ́ o. Ìwà ìkà tó hù lẹ́yìn ìgbà yẹn burú jáì. Ṣùgbọ́n ìjọba ló kọ́kọ́ jalè nínú eré yẹn, ìwé òfin ni wọ́n sì fi jà á.

Ẹ̀kẹta ni ti ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi: òfin tó wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ, àfi ìgbà tí àjèjì bá fẹ́ borí.

Shakespeare kọ The Merchant of Venice ní nǹkan bíi 1596 sí 1597. Ọdún 1600 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ rántí pé láti 1290 tí Ọba Edward Kìíní ti lé àwọn Júù jáde, wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà níbẹ̀, orúkọ Kristẹni ni wọ́n ń jẹ́ níta. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1594, wọ́n pa Roderigo Lopez, dókítà Ọbabìnrin fúnra rẹ̀, ọmọ Potogí tó jẹ́ ìran Júù. Wọ́n ní ó fẹ́ fi májèlé pa Ọbabìnrin. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ni kò gbà pé ó jẹ̀bi. Inú irú London bẹ́ẹ̀ ni Shylock ti jáde sórí ìtàgé.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo eré náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Antonio, oníṣòwò ìlú Venice, fẹ́ ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bassanio lọ́wọ́. Ó yá 3,000 dúkáàtì lọ́wọ́ Shylock fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ pẹ́ tí Antonio ti ń tutọ́ sí Shylock lára, tó ń pè é ní ajá. Shylock ní òun kò gba èlé. Bí owó kò bá dé lọ́jọ́ àdéhùn, kí òun gé ìwọ̀n pọ́n-ùn kan lára ẹran ara Antonio. Antonio fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ òkun Antonio kò dé. Ọjọ́ pé.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Antonio fúnra rẹ̀ ló sọ, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé olórí ìlú kò lè dí òfin lọ́wọ́: bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ àjèjì dù ú ní Venice, orúkọ ìlú á bàjẹ́, nítorí òwò pẹ̀lú gbogbo orílẹ̀-èdè ni Venice fi ń jẹun. Ohun tí Shylock gbọ́kàn lé nìyẹn. Kò gbẹ́kẹ̀ lé àánú. Kò ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ìwé ló gbẹ́kẹ̀ lé, torí ó rò pé ìwé kì í wo ojú.

Kóòtù jókòó. Wọ́n bẹ Shylock, ó kọ̀. Portia wọlé, ó múra bí ọkùnrin, ó ní amòfin lòun. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ìyàwó Bassanio ni, Bassanio tó jẹ́ pé torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe yá owó. Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí la máa wá pe ẹni tó jẹ́ ará ilé ẹnìkan nínú ẹjọ́ tó tún ń dá a? Portia ní àdéhùn náà tọ́ lójú òfin. Bassanio bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ òfin díẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe, kò sí agbára kan ní Venice tó lè yí òfin padà. Shylock yọ̀, ó yin adájọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Ó lè gé ẹran, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ìwé. Shylock ní ó dáa, kí wọ́n fún òun ní owó tí wọ́n fi lọ òun. Wọ́n ní rárá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní owó òun lásán. Wọ́n ní rárá. Ó ní kò burú, òun ń lọ sílé. Ó ti kọ̀yìn sí wọn. Ìgbà yẹn ni Portia ní kó dúró, òfin kò tíì bá a parí. Ó wá ka òfin kan jáde: bí àjèjì bá gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ọmọ ìlú, yálà ní tààrà tàbí ní kọ̀rọ̀, ìdajì ohun ìní rẹ̀ di ti ẹni tó fẹ́ pa, ìdajì kejì di ti ìjọba, ẹ̀mí rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olórí ìlú.

Ibẹ̀ ni àwọn tó wà níwájú wa ti rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ti bi mí ní ìbéèrè.

Mo ti padà sí ìwé eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹjọ́ tó dé ibí yìí, kò sí ẹni kankan tó dárúkọ òfin yẹn. Olórí ìlú kò dárúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó fi gbogbo àkókò yẹn bẹ Shylock bí ẹni pé kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Antonio tó ń múra ikú kò dárúkọ rẹ̀. Shylock, tó mọ ìwé àdéhùn bí ẹni mowó, kò mọ̀ pé ó wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí òfin náà bá ti wà lóòótọ́, ẹjọ́ náà kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rárá. Láti ìgbà tí Shylock ti ń pọ́n ọ̀bẹ ló ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó fi pe ẹjọ́ náà gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi mú un.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ìdáhùn mi rèé. Portia sọ pé ó wà nínú ìwé òfin Venice, a kò sì ní ẹ̀rí láti pe é nírọ́. Ó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fún Shylock, ọjọ́ yẹn ni wọ́n bí i. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Kì í ṣe torí pé ó fọ́jú, àmọ́ torí pé àwọn onílé mọ ibi tí àpótí wà, wọn kò sì fi hàn án.

Mi ò sọ pé Shylock ṣe rere o. Ọ̀bẹ ló mú wá sí kóòtù, kì í ṣe ìwé orin. Ẹni tó fẹ́ fi òfin paniyàn, a kò ní bá a sunkún jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n pè ní àánú lẹ́yìn náà: wọ́n fi ẹ̀mí rẹ̀ jì í, ìdajì ohun ìní rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Antonio láti tọ́jú fún ọkùnrin tó gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ, gbogbo ìyókù sì di ti ọmọ náà àti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú. Ó sì gbọ́dọ̀ di Kristẹni. Wọ́n bi í bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ara òun kò yá, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ.

Ẹ wá rántí àwọn jùrì mẹ́fà-mẹ́fà. Kò sí jùrì kankan nínú kóòtù Venice orí ìtàgé yìí. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ jùrì fẹjú ni ìgbà tí Gratiano fi Shylock ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ì bá fún un ní èèyàn méjìlá tó máa mú un lọ síbi ìgi ìfokùnso dípò bàbá ìsàmì méjì. Àwọn ará London tó ń wòran mọ̀ pé méjìlá ni jùrì. Àwọn kan nínú wọn á sì mọ̀ pé nílùú tiwọn, àjèjì lè béèrè fún mẹ́fà lára wọn. Lójú tèmi, àwàdà yẹn fi ohun tí kò sí níbẹ̀ hàn: kò sí ẹyọ ojú kan nínú àwọn tó ń dájọ́ tó jọ ojú Shylock.

Ẹnìkan á ní: Othello ńkọ́? Òun náà jẹ́ àjèjì, aláwọ̀ dúdú, ó sì jàre ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣeré Othello ní ààfin ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1604. Brabantio wá bá ìgbìmọ̀ Venice pé ẹnìkan fi oògùn gba ọmọ òun. Olórí ìlú ṣèlérí pé ẹni yòówù kó jẹ́, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú òun, Brabantio fúnra rẹ̀ ni yóò ka ìjìyà tó le jù nínú òfin sí i létí. Ìgbà tó gbọ́ pé Othello ni, ohùn yí padà. Ogun Tọ́ọ̀kì ti fẹ́ dé Cyprus, Othello sì ni ọ̀gágun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pè. Othello sọ ìtàn ara rẹ̀, ìyàwó jẹ́rìí, ẹjọ́ parí. Ó jàre, ó sì yẹ kó jàre. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi pé ká ní ogun kò sí lóru ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Torí àwọn aláwọ̀ dúdú wà ní London náà, tí ogun kankan kò sì mú ìlú nílò wọn. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ìsàmì àti ìwé ìsìnkú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ní oṣù Keje ọdún 1596, lẹ́tà jáde lórúkọ Ọbabìnrin pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ jù nílẹ̀ yìí, kí wọ́n kó àwọn kan jáde. Oníṣòwò kan láti Lübeck, Caspar van Senden, gba ìwé àṣẹ pé kó máa kó wọn, bí ọ̀gá wọn bá gbà. Àwọn ọ̀gá kò gbà, van Senden sì ráhùn. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó bi àwọn aláwọ̀ dúdú yẹn léèrè.

Kí n má fi apá kan sọ ìtàn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ London náà ní ẹ̀dùn ọkàn tiwọn. Ọjà wọ́n, iṣẹ́ kò pọ̀, wọ́n sì gbà pé àjèjì ló fà á. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1593, ẹnìkan lẹ ewì ìhàlẹ̀ mọ́ ògiri ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Netherlands ní London. Ó fi "Tamburlaine" fọwọ́ sí i, orúkọ akọni eré Marlowe. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó kọ ọ́. Wọ́n mú Thomas Kyd, òǹkọ̀wé eré tó ti bá Marlowe gbé yàrá kan ṣiṣẹ́ rí. Wọ́n pe Marlowe náà. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti gún Marlowe pa ní Deptford lórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní àsìkò yẹn kan náà ni àwọn òǹkọ̀wé mélòó kan pawọ́ pọ̀ kọ eré kan tí wọ́n pè ní Sir Thomas More. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ṣì wà ní British Library. Rògbòdìyàn ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1517 ló dá lé, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ London kọ lu ilé àwọn àjèjì. Ìbẹ̀rẹ̀ eré náà gbè sẹ́yìn àwọn ará ìlú: àwọn àjèjì kan ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, òfin kò sì gbà wọ́n. Ẹ ò rí i pé ìdàkejì Shylock ni? Níbí, ọmọ ìlú ló gbà pé òfin ń ṣojúsàájú àjèjì.

More wá bá àwọn èrò náà sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ọwọ́ Shakespeare fúnra rẹ̀ ló kọ ojú ìwé mẹ́ta yẹn. More ní kí wọ́n fojú inú wo àwọn àjèjì tí wọ́n ń lé, ọmọ lẹ́yìn wọn, ẹrù tálákà lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ sí èbúté. Lẹ́yìn náà ó bi wọ́n: bí ọba bá lé ẹ̀yin náà nítorí ìwà yìí, níbo lẹ máa sá lọ? Faransé ni àbí Jámánì, Sípéènì àbí Potogí? Ibi yòówù kó jẹ́ lẹ́yìn Ìlú Ọba, àjèjì lẹ máa jẹ́ níbẹ̀. Ẹdmund Tilney, òṣìṣẹ́ ọba tó ń yẹ eré wò, ní kí wọ́n yọ rògbòdìyàn náà kúrò pátápátá. Kò sí ẹ̀rí pé wọ́n ṣe eré náà láyé Shakespeare.

Nígbàkígbà tí mo bá ka ibi ẹrù àti ọmọ lẹ́yìn yẹn, màmá tó bí ìyá mi ni mo máa ń rí. Kumasi ni wọ́n ti ń tajà kí wọ́n tó délé lọ́wọ́ òfo. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Àìmọye Yorùbá ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ṣé òfin yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o. Láti 1963 ni òfin àjèjì ti wà ní Gánà. Màmá ní ní gbogbo ọdún yẹn, kò sí ẹni tó bi àwọn ní ìwé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, àwa náà yọ tiwa jáde nínú àpótí, a lé àwọn ará Gánà. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù sí lọ́jọ́ yẹn, orúkọ tí a fún un ṣì wà lẹ́nu wa. Mi ò mọ bí màmá ṣe wo ọ̀rọ̀ yẹn lọ́dún náà. Mi ò bi wọ́n kí wọ́n tó lọ, ó sì ń dùn mí.

Nǹkan kan ló kù. Lẹ́yìn gbogbo kóòtù orí ìtàgé yìí, ẹjọ́ gidi kan wà tí Shakespeare ti jẹ́rìí. Ní nǹkan bíi 1604, ilé Christopher Mountjoy ló ń gbé ní London, ọmọ Faransé tó ń ṣe ohun ọ̀ṣọ́ orí àwọn obìnrin. Mountjoy ṣèlérí owó fún ọkọ ọmọ rẹ̀, Stephen Bellott, kò sì san án. Ní 1612, Bellott gbé e lọ sí kóòtù. Wọ́n pe Shakespeare. Ó ní òun mọ àwọn méjèèjì, òótọ́ ni pé wọ́n ṣèlérí owó, ṣùgbọ́n òun kò rántí iye tó jẹ́. Kóòtù fa ẹjọ́ náà lé àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì Faransé ní London lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Mountjoy san owó kan tí kò tó £7. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò tíì san án.

Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí amòfin tó paraṣọ dà, kò sí òfin tó ti inú àpótí jáde. Àjèjì pe àjèjì lẹ́jọ́, kóòtù gbọ́ ọ, wọ́n gbé e fún àwọn tó mọ èdè wọn. Ẹjọ́ tó ń súni ni. Mo ti wá gbà pé irú rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Wọn kò béèrè àánú Portia. Àánú wà nínú gbogbo eré wọ̀nyí, ó máa ń dé bó bá wu ẹni tó ni ín. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé òfin tí wọ́n máa fi dá ẹjọ́ àwọn nírọ̀lẹ́, kí wọ́n ti kà á sí àwọn létí láàárọ̀.

Mo kà á fún wọn lórí fóònù lánàá, kí n tó gbé e síbí. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní: "Kò burú. Ṣùgbọ́n àbúrò, nígbà mìíràn, ra tíkẹ́ẹ̀tì eré tó ń pani lẹ́rìn-ín." Mo ti ra ti The Comedy of Errors. Mi ò tíì sọ fún wọn pé ìdájọ́ ikú àjèjì ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Òfin wo ni ẹ kò mọ̀ pé ó wà, àfi ọjọ́ tí wọ́n kà á sí yín létí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ire o.